Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Péré Ni Àgbàdo Aládùn Lè Dúró Nínú Ọ̀rá

(Ohùn mẹ́fà ni wọ̀nyí. A kọ wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn, àti àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.)

OHÙN KÌÍNÍ

  Ẹ̀yin tó wà ní Jos níbí, ẹ̀yin ti Bukuru, ẹ̀yin tó wà ní Minna àti Kaduna, àti ẹ̀yin ará wa ní Kano, mo kí gbogbo yín. 

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé sí mi: "Ìyá, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ká ti gbin àgbàdo aládùn?" Àgbàdo aládùn ni mo ń pe swíìtì kọ́ọ̀nù o, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé masara lásán ni mò ń sọ. Ìdáhùn mi ò gùn. Ẹ gbìn ín, ṣùgbọ́n ẹ má gbìn ín sóko. Ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá nílé, kí ẹ máa wo òjú ọ̀run. Tó bá di ọjọ́ kẹwàá sí ọjọ́ kẹrìnlá, kí ẹ wá gbé e lọ sóko. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò ju ìyẹn lọ, àlàyé ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò máa ń tan ènìyàn. Ó lè rọ̀ lónìí kí ilẹ̀ rin gbingbin, kó wá tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó tún rọ̀. Ẹni tó bá ti da irúgbìn sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́rọ̀ òjò, irúgbìn yẹn á mu omi, á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í hù, oòrùn á wá gbẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lórí. Irúgbìn tó ti mu omi tó tún gbẹ, ó tán nìyẹn. Kò sí àdúrà tó ń jí i.

Masara tí àwọn aládùúgbò wa ń gbìn, èèyàn lè fi ìyẹn dán òjò wò, torí tí kò bá hù, wọ́n á tún bù nínú àpò. Àgbàdo aládùn ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ haíbírììdì, irúgbìn tí wọ́n fi oríṣi méjì pọ̀ ṣe. Tí ẹ bá tọ́jú nínú èyí tí ẹ kórè láti fi gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ ò ní jọ bàbá. Torí náà, ọdọọdún lẹ máa rà á, inú páálí kékeré ló ń wá, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó ìyà. Àwa oníṣòwò mọ̀ pé a kì í kó gbogbo owó ọjà sọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Àkọ́rọ̀ òjò ni ẹni tí a kò mọ̀ yẹn.

OHÙN KEJÌ

Mo tún padà dé o. Oníbàárà ló pè mí.

Ẹ tú páálí irúgbìn yẹn kí ẹ wò ó. Ẹ ó rí i pé ó hunjọ, ó sì fúyẹ́. Masara lásán máa ń yọ̀, inú rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun yẹn ni oúnjẹ tí ọ̀gbìn ń jẹ nínú ilẹ̀ kó tó rí oòrùn. Ti àgbàdo aládùn ò pọ̀, ṣúgà ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí agbára rẹ̀ kò fi tó nǹkan nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ilẹ̀ tútù ò bá a lára mu, omi tó bá ta gọ́ọ́ ò bá a lára mu, gbígbìn jíjìn náà ò bá a lára mu. Tí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ìdí gbogbo ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àsìkò. Ẹ má ka kàlẹ́ńdà ẹlòmíì. Ní Jos níbí, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹrin, ó máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú oṣù karùn-ún. Torí náà, lẹ́yìn ìdajì oṣù kẹrin ni mo máa ń gbin ìpín àkọ́kọ́ sínú ọ̀rá. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo gbin ìpín kejì. Tí òjò bá yára, ìpín àkọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀. Tí òjò bá ṣe wá bákan, ìpín kejì ṣì wà nílé, kò tíì sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀yin ará Kano, bí òjò ṣe ń lọ sókè ló ń pẹ́. Lọ́dọ̀ yín, ó lè wọ oṣù kẹfà kó tó dúró dáadáa. Tí ẹ bá fi ọjọ́ tiwa gbìn, ẹ ó kàn gbé ọ̀rá jókòó ni.

Báwo ni mo ṣe ń mọ̀ pé òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀? Mi ò kì í ka òjò kan ṣoṣo. Mo máa ń dúró kó rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, mo máa fi àdá wa ilẹ̀ oko sísàlẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan, mo máa bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, mo máa fún un nínú àtẹ́lẹwọ́. Tó bá dì mọ́ra, omi ti dé ìsàlẹ̀. Tó bá tú ká bí gààrí, òjò yẹn ò kọjá ojú ilẹ̀.

Ẹ̀yin tó ní kànga tàbí tí ẹ ní lambu létí odò, tí ẹ fẹ́ gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ tiyín ni ọ̀rọ̀ òtútù. Jos ga ju 1,000 mítà lọ sí ojú òkun, òtútù ọyẹ́ oṣù kejìlá àti oṣù kìíní níbí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Irúgbìn aláìlágbára yẹn á jókòó nínú ilẹ̀ tútù, á máa ro ó, á wá jẹrà. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ná, kó di oṣù kejì, kí òru má tutù mọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

OHÙN KẸTA

Ṣẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ó dáa.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́: ẹ dán irúgbìn wò. Ta ló ń ra ọjà láì yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ ka irúgbìn mẹ́wàá, ẹ wé e sínú aṣọ tó rin, kì í ṣe aṣọ tó ń kán o, ẹ fi sínú ike, ẹ dé e, kí ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ tú u wò. Tí mẹ́jọ sí mẹ́wàá bá hù, ọjà gidi ni. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ mọ̀ pé ẹ máa gbin jù bẹ́ẹ̀ lọ kí iye tí ẹ fẹ́ tó pé. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á kí ẹ tó lo ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, irúgbìn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ pupa tàbí búlúù, oògùn ni wọ́n fi kùn ún. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án, ẹ má rẹ ẹ́ sómi, ẹ fọwọ́ yín dáadáa tí ẹ bá ṣe tán.

Iṣẹ́ kejì: ọ̀rá. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ń dà nù ní ṣọ́ọ̀bù ti tó. Ẹ gé ẹnu rẹ̀ dànù, kí ẹ lu ihò mẹ́ta sí mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jò. Kréètì ẹyin tí àwọn kan ń lò, ihò rẹ̀ kéré jù. Gbòǹgbò àgbàdo yára, á ti kún ibẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Iṣẹ́ kẹta: erùpẹ̀. Bọ́ọ̀lù méjì erùpẹ̀ dúdú, bọ́ọ̀lù kan yanrìn, bọ́ọ̀lù kan ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà pátápátá, tí kò rùn mọ́. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ò ṣeé lò níbí, ó gbóná jù, á jó gbòǹgbò. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ dà á sínú ọ̀rá, ẹ wọ́n omi sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Iṣẹ́ kẹrin: gbígbìn. Irúgbìn kan sí ọ̀rá kan. Kí ó wọlẹ̀ tó oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìfábẹ̀lá, ìyẹn ò ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ. Ẹ bò ó, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọjọ́ yẹn la máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ẹ gbé àwọn ọ̀rá yẹn sórí tábìlì tàbí pákó gíga níta, níbi tí oòrùn ń dé, kí ẹ da àwọ̀n bò ó. Eku fẹ́ràn irúgbìn aládùn yìí bí àwa náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Adìẹ náà ò ní jẹ́ kó sinmi. Tí inú oko ni ẹ da á sí, àparò á tọ ẹsẹ̀ yín láti ihò dé ihò. Àǹfààní ọ̀rá tún nìyẹn: ohun tí ẹ̀ ń ṣọ́ ò ju orí tábìlì kan lọ.

OHÙN KẸRIN

Ìtọ́jú. Láàárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín. Kí erùpẹ̀ rin, kó má ṣe di ẹrọ̀fọ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje ló yẹ kó hù. Tó bá ti hù, ẹ má gbé e wọ inú yàrá o. Tí kò bá rí oòrùn, á ga fíofío, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, atẹ́gùn àkọ́kọ́ lóko ló máa wó o.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi àgbàdo ṣe bíi tòmátò. Tòmátò àti ata, a lè fi wọ́n sí nọ́sìrì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ká tó lọ́ wọn lọ gbìn, wọn ò ní bínú. Àgbàdo ń bínú. Tí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti yí po nínú ọ̀rá, á rò pé ayé ti há mọ́ òun. Kò ní kú, ìyẹn gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀. Á dúró ní kúkúrú, á tètè yọ òdòdó lórí, ọmọ tó máa so á dà bí àtàǹpàkò. Ewé méjì sí mẹ́ta ni kó ní tí ẹ bá ń gbé e lọ, ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá láti ọjọ́ tó wọ erùpẹ̀.

Ẹnì kan bi mí pé, "Ìyá, tí ọjọ́ kẹrìnlá bá pé tí òjò ò rọ̀ ńkọ́?" Ẹ gbé e lọ sóko bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa pọnmi sí i. Ẹ gbin èyí tí agbára yín lè pọnmi sí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ pín in sí méjì nìyẹn. Agolo omi kan fún ẹsẹ̀ àgbàdo kan lálẹ́, ó ṣeé ṣe fún ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀. Kò ṣeé ṣe fún igba, kí èèyàn tún wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ.

Bí a ṣe ń lọ́ ọ: ìrọ̀lẹ́ ni, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Ẹ ti bomi rin ọ̀rá ní wákàtí kan ṣáájú kí erùpẹ̀ lè dì mọ́ gbòǹgbò. Ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀ ná, kí ẹ bomi sínú ihò. Ẹ wá fi bíléèdì la ọ̀rá láti òkè délẹ̀, kí ẹ gbé odidi erùpẹ̀ rẹ̀ sínú ihò. Ẹ má fa ọ̀gbìn lọ́rùn, ẹ má gbọn erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ tẹ ilẹ̀ yí i ká, ẹ bomi sí i, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rá tí ẹ là, ẹ ṣà á jọ, ẹ má fi í sínú oko olóko.

OHÙN KARÙN-ÚN

Bí ẹ ṣe máa tò ó. Mítà mẹ́fà ní gígùn, mítà mẹ́fà ní ìbú, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ nínú wa ò ju ìyẹn lọ. Tí a bá fi sẹ̀ǹtímítà 75 sáàárín ebè kan sí èkejì, ebè mẹ́jọ ló máa gbà. Tí a bá fi sẹ̀ǹtímítà 25 sáàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì, ẹsẹ̀ 24 ló wà lórí ebè kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 192. Ìpín àkọ́kọ́ gba ebè mẹ́rin, ìpín kejì gba ebè mẹ́rin. Ẹ gbin ọ̀rá 110 fún ìpín kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè yan 96 tó dáa nínú rẹ̀. Ẹ ka ọmọ gidi kan fún ẹsẹ̀ kan tí ẹ bá ń ṣírò owó, ẹ má ka méjì.

Ẹ má tò ó ní ebè kan gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Atẹ́gùn ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti téńté orí àgbàdo wá sórí irun ọmọ rẹ̀. Irun kọ̀ọ̀kan ló ní eyín àgbàdo tirẹ̀. Irun tí ìyẹ̀fun ò bá kàn, eyín rẹ̀ ò ní kún. Tó bá jẹ́ ebè kan ṣoṣo, atẹ́gùn á gbé e lọ síbòmíì, ọmọ á wá dà bí ẹnu arúgbó. Ebè mẹ́rin tó wà pa pọ̀ ló kéré jù.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ aládùúgbò, ọ̀rọ̀ ńlá sì ni. Tí ìyẹ̀fun òdòdó masara bá bọ́ sórí irun àgbàdo aládùn, eyín tó bá kàn á di líle lọ́dún yẹn gan-an, adùn á lọ. Masara ló yí gbogbo wa ká. A ò lè ní kí onílẹ̀ má gbin oúnjẹ rẹ̀ nítorí tiwa. Àlejò ni wá, ó yẹ ká mọ̀wọ̀n ara wa. Tí oko rẹ̀ bá jìnnà tó 250 mítà, kò sí wàhálà. Tí kò bá jìnnà, ọjọ́ la máa fi yà wọ́n. Kí àgbàdo yín yọ irun ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ṣáájú kí masara tirẹ̀ tó yọ òdòdó.

Ibí yìí ni ọ̀rá ti ń san owó rẹ̀ padà. Aládùúgbò ń dúró de òjò kó tó da irúgbìn. Lọ́jọ́ tó ń da tirẹ̀, tiyín ti ní ewé mẹ́ta. Ẹ lọ kí i nílé, ẹ bi í lọ́jọ́ tó fẹ́ gbìn àti irú masara tó fẹ́ gbìn, èyí tó ń yá ni tàbí èyí tó ń pẹ́. Tó bá gbọ́ ìdí tí ẹ fi ń bi í, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń bá yín rò ó. Tẹ́ ẹ bá sì kórè, ẹ fún un nínú ẹ̀.

Ilẹ̀ tí a yá ńkọ́? Láti ọ̀rá dé ìkórè, ẹ ṣírò oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ bá onílẹ̀ ṣe àdéhùn oṣù márùn-ún, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀, kí ẹ tó ra irúgbìn. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àgbàdo ń yọ irun, kò sí ohun tó lè kó lọ.

OHÙN KẸFÀ

Mo fẹ́ parí ẹ̀ o, gáàsì ń jó nílé.

Ajílẹ̀: lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tó ti dé oko, ìdérí ìgò mínírà kan NPK 15-15-15 fún ẹsẹ̀ kan, kó jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ìbú ọwọ́, kí ẹ sì fi ilẹ̀ bò ó. Tó bá ga dé orúnkún, ẹ fún un ní yúríà, kó má kún ìdérí kan. Kí ilẹ̀ rin nígbà méjèèjì.

Ìdin: èyí tó ń wọ ọkàn àgbàdo, tí wọ́n ń pè ní armyworm, láti 2016 ló ti wọ Nàìjíríà, kò sì fẹ́ lọ. Ẹ máa la ewé ọkàn rẹ̀ wò láràárọ̀. Tí ẹ bá rí ohun tó dà bí ìyẹ̀fun pákó tó rin, ó wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ mú un, ẹ pa á. Fún ẹsẹ̀ 192, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Ẹni tó bá máa fín oògùn, kó ka ara ìgò rẹ̀, kó mọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ènìyàn tó jẹ ẹ́.

Ìkórè: ẹ kọ ọjọ́ tí irun yọ sílẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 18 sí 21 lẹ́yìn ẹ̀, irun á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á ti gbẹ lẹ́nu. Ẹ fi èékánná tẹ eyín kan. Tí omi rẹ̀ bá mọ́ gaara, ó kù díẹ̀. Tó bá funfun bíi wàrà, ẹ kórè. Tó bá le bí ẹ̀kọ tútù, ó ti kọjá. Ìdájí ni kí ẹ ká a, kó dé ọwọ́ oníbàárà lọ́jọ́ yẹn, torí bí ooru ṣe ń mú un ni adùn rẹ̀ ń dínkù. Nítorí náà, kì í ṣe ọjọ́ ìkórè la ń wá oníbàárà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọ̀gbìn lọ sóko, ẹ lọ sọ fún àwọn olóúnjẹ, àwọn ilé ìtura àti àwọn tó ń se àgbàdo tà lẹ́bàá títì pé ọ̀sẹ̀ báyìí-báyìí ló máa tó. Ìpín méjì tí ẹ gbìn á jẹ́ kí ẹ lè tà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbìn ṣe lọ́sẹ̀ yìí ò ju ẹyọ kan lọ: irúgbìn mẹ́wàá nínú aṣọ rírin. Ní Friday tó ń bọ̀, kí kálukú kọ iye tó hù síbí, kí ó kọ orúkọ ìlú tó wà àti orúkọ ara páálí irúgbìn rẹ̀. A ó fi mọ èyí tó yẹ ká para pọ̀ rà. Ẹni tí ò bá ní ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó, kó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti kó àpò kan kalẹ̀.